Ta Ló Ń Gbèjà Aṣòfin Tí Ìjọba Bá Dójú Sọ?

Ní oṣù kẹta ọdún 2025, orúkọ kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́ rí gba ẹnu kan: IPU (Inter-Parliamentary Union), ẹgbẹ́ àwọn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lágbàáyé. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà l'Abùjá ti ní kí Sẹ́nétọ̀ Natasha Akpoti-Uduaghan, ọmọ ẹgbẹ́ alátakò PDP tó ń ṣojú Àárín Gbùngbùn Kogí, lọ rọ́kún nílé fún oṣù mẹ́fà. Ilé ní ó tàpá sí ìlànà ilé lórí ọ̀rọ̀ àga tí wọ́n ní kó jókòó sí. Òun ní torí pé òun fẹ̀sùn ìfìbálòpọ̀ lọni kan ààrẹ ilé ni. Ààrẹ ilé ní irọ́ ni. Ọjọ́ kẹfà oṣù ni wọ́n dá a dúró. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kọkànlá, ó ti wà ní New York níbi ìpàdé àwọn obìnrin aṣòfin àgbáyé, ó ń rojọ́ fún IPU.

Ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní ó tú àṣírí ilé síta. Àwọn mìíràn ń retí kí IPU pàṣẹ pé kí wọ́n dá a padà lójú ẹsẹ̀, bí ẹni pé kóòtù tó ga ju ti Abùjá lọ ni. Àwọn tó kù ń bèèrè pé àwọn wo tiẹ̀ ni, ta ló sì gbé wọn sípò. Mi ò ní dá ẹjọ́ Natasha àti ilé aṣòfin níbí. Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ni mo fẹ́ dáhùn, nítorí ọ̀rọ̀ náà ju ti ènìyàn kan lọ, ó sì ti pẹ́ tó ti wà nílẹ̀ kó tó kan Nàìjíríà.

IPU kì í ṣe kóòtù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ẹgbẹ́ àwọn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lágbàáyé ni. Ẹ̀gbọ́n ni ó tiẹ̀ jẹ́ sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, nítorí ọdún 1889 ni William Randal Cremer, aṣòfin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Frédéric Passy, aṣòfin ọmọ ilẹ̀ Faransé, dá a sílẹ̀. Geneva ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà. Ilé aṣòfin tó lé ní 180 ló wà nínú ẹgbẹ́ náà báyìí. Nàìjíríà wà níbẹ̀, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ wà níbẹ̀. Amẹ́ríkà kò sí níbẹ̀.

Ọdún 1976 ni ẹgbẹ́ yìí ṣètò bí wọn yóò ṣe máa mójú tó ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àwọn aṣòfin. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Sójà ti gbàjọba ní Chile lọ́dún 1973, wọ́n ti tú ilé aṣòfin ká ní Uruguay lọ́dún kan náà, ti Argentina sì tẹ̀lé e ní 1976. Ẹni tó jẹ́ aṣòfin lánàá ti di ẹni àwátì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilẹ̀ òkèèrè rí i pé bí àwọn ò bá ní ọ̀nà kan pàtó láti bèèrè wọn, kò sẹ́ni tí yóò bèèrè wọn.

Ènìyàn mẹ́wàá ló wà nínú ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Aṣòfin ni gbogbo wọn, wọ́n sì wá láti ẹkùn oríṣiríṣi. Ọdún márùn-ún ni wọ́n ń lò. Bí ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè ẹnìkan nínú wọn bá délẹ̀, onítọ̀hún kì í bá wọn dá sí i. Ìpàdé bòńkẹ́lẹ́ ni wọ́n ń ṣe, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹlòmíràn tó wá jẹ́rìí ṣì ń padà lọ sùn ní ìlú tí wọ́n ti ń lépa rẹ̀.

Ta ló lè fẹjọ́ sùn? Aṣòfin tí ọ̀rọ̀ kàn lè ṣe é fúnra rẹ̀. Bó bá wà ní àtìmọ́lé tàbí tí a kò mọ ibi tó wà, ìyàwó rẹ̀ tàbí ọkọ rẹ̀ lè bá a ṣe é, ọmọ rẹ̀ náà, lọ́yà rẹ̀, aṣòfin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, tàbí àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ẹ̀sùn tí wọ́n ń gbà kì í ṣe ti ìjà àga àti ìjà ipò lásán. Ti ìpànìyàn ni, ti ìjínigbé, ti ìfìyàjẹni, ti ìtìmọ́lé láìnídìí, ti ẹjọ́ tí wọn ò dá bó ṣe yẹ, ti dídí aṣòfin lẹ́nu àti ti yíyọ ọ́ nípò lọ́nà tí kò bófin mu. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ń dé ibẹ̀ ló jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ alátakò. Èyí kò yani lẹ́nu, torí ìjọba ló ni ọlọ́pàá.

Tí ẹ̀sùn bá dé, wọn kì í kàn gbà á gbọ́. Wọ́n á kọ̀wé sí abẹnugan ilé aṣòfin orílẹ̀-èdè náà: wọ́n ní ẹ ṣe báyìí báyìí fún lágbájá, kí lẹ rí sọ sí i? Ìdáhùn rẹ̀ á padà sọ́dọ̀ ẹni tó fẹjọ́ sùn kí òun náà lè fèsì. Nígbà mìíràn wọ́n á rán ènìyàn lọ sí ìlú náà láti rí ẹni tó wà ní àtìmọ́lé lójúkojú, kí wọ́n sì rí àwọn mínísítà. Nígbà mìíràn, wọ́n á rán amòfin kan lọ jókòó sí kóòtù, kó máa wo bí ẹjọ́ náà ṣe ń lọ, kó sì ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìpinnu á lọ síwájú ìgbìmọ̀ olùdarí IPU, níbi tí àwọn aṣojú ilé aṣòfin lágbàáyé ń jókòó sí, kí gbogbo ayé tó gbọ́ ọ.

Ó yẹ ká dúró díẹ̀ síbí yìí. Aṣòfin ló ń bi aṣòfin léèrè. Ibẹ̀ ni agbára ọ̀nà yìí wà. Ó rọrùn fún ìjọba láti sọ pé aṣojú orílẹ̀-èdè alágbára kan fẹ́ fi ọwọ́ ọlá gbá wọn lójú. Kò rọrùn bẹ́ẹ̀ fún abẹnugan láti sọ ọ́ fún abẹnugan ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ghana tàbí Uruguay, nígbà tó mọ̀ pé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni àwọn yóò tún jọ jókòó nínú gbọ̀ngàn kan náà.

Ṣé aṣòfin wá ju mẹ̀kúnnù lọ ni?

Ìbéèrè tó tọ́ ni. Bí wọ́n bá ti ọmọ vulcanizer mọ́lé láìnídìí, kò sẹ́ni tó ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sí Geneva. Kí ló dé tó jẹ́ olóṣèlú ni kí ayé máa gbèjà?

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kì í ṣe olóṣèlú nìkan ni wọ́n tì mọ́lé. Gbogbo àwọn tó tò lábẹ́ oòrùn, tí wọ́n tẹ̀ka fún un, ni wọ́n gba ohùn lẹ́nu wọn. Àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ará ìlú àti ti òṣèlú, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1966, sọ ọ́ ní abala 25 pé ọmọ ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti kópa nínú ìṣàkóso ìlú rẹ̀ nípasẹ̀ aṣojú tó fúnra rẹ̀ yàn. Bí ìjọba bá lè gbé aṣojú náà pamọ́ lọ́jọ́ kejì ìbò, kí ni ìbò náà wúlò fún? Ọmọ vulcanizer yẹn gan-an nílò ẹnìkan tí yóò dìde nínú ilé láti bèèrè ohun tí ọlọ́pàá fi mú un. Ẹni yẹn ni wọ́n ń kọ́kọ́ pa lẹ́nu mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí tún máa ń dojú rú fún wa ní Nàìjíríà nítorí 'immunity' tí à ń gbọ́ lójoojúmọ́. Ààbò tó wà ní abala 308 ìwé òfin ọdún 1999, tí kì í jẹ́ kí wọ́n pe ènìyàn lẹ́jọ́ nígbà tó wà lórí oyè, ti ààrẹ ni, àti igbákejì rẹ̀, gómìnà àti igbákejì gómìnà. Kò kan sẹ́nétọ̀. Ohun tí òfin fún aṣòfin ni pé wọn ò gbọdọ̀ tìtorí ọ̀rọ̀ tó sọ nínú ilé gbé e lọ sí kóòtù. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí aṣòfin bá jalè, kí wọ́n gbé e lọ. IPU kì í sọ pé kí wọ́n má gbé e lọ. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé ṣé ẹ̀rí wà? Ṣé wọ́n jẹ́ kó rí lọ́yà rẹ̀? Ṣé adájọ́ tí kò bẹ̀rù ẹnìkan ló gbọ́ ẹjọ́ náà?

A ò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lójúde wa rí. Lẹ́yìn tí Abacha tú ilé aṣòfin ká ní oṣù kọkànlá ọdún 1993, àwọn sẹ́nétọ̀ kan kóra jọ lọ́dún 1994, wọ́n ní àwọn kò gba ìjọba sójà náà. Wọ́n kó wọn. Ameh Ebute tó jẹ́ ààrẹ ilé wà nínú wọn. Bọ́lá Tinúbú, tó ń ṣojú Ìwọ̀-oòrùn Èkó, náà wà nínú wọn, ó sì padà sá lọ sí ìgbèkùn. Alátakò tó wà ní àtìmọ́lé nígbà yẹn ló di ààrẹ Nàìjíríà ní 2023.

Ìwé tí wọn ò kọ ọjọ́ sí

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Lomé, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi jù.

Nínú ìbò ọdún 2007, ẹgbẹ́ alátakò UFC rí àyè 27 gbà nínú 81 tó wà nílé aṣòfin Tógò. Kí wọ́n tó lọ síbi ìbò, ẹgbẹ́ ti ní kí àwọn olùdíje fọwọ́ sí ìwé kan. Ìwé náà sọ pé, èmi lágbájá, mo fipò mi sílẹ̀. Orúkọ wà níbẹ̀, ìfọwọ́sí wà níbẹ̀. Ọjọ́ nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ẹgbẹ́ gba ìwé náà, ó tọ́jú ẹ̀.

Nígbà tó di 2010, olórí ẹgbẹ́, Gilchrist Olympio, ọmọ Sylvanus Olympio tó jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ Tógò, bá ìjọba Faure Gnassingbé ṣàdéhùn pé àwọn yóò jọ ṣèjọba. Púpọ̀ nínú àwọn aṣòfin rẹ̀ kò gbà. Wọ́n tẹ̀lé Jean-Pierre Fabre lọ dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀, ANC. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìwé tí wọ́n ti tọ́jú láti 2007 jáde. Abẹnugan gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ìwé òfin, ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2010, ilé ẹjọ́ náà ní aṣòfin mẹ́sàn-án ti fipò sílẹ̀, ó sì fi ẹlòmíràn rọ́pò wọn. Àwọn mẹ́sàn-án náà ń pariwo pé àwọn ò fipò sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n kó bi wọ́n.

Ẹ fojú inú wò ó. O wọ aṣọ rẹ láàárọ̀ láti lọ síbi iṣẹ́ tí ìlú rán ọ, wọ́n ní o ti kọ̀wé fipò sílẹ̀, ìwé tí o fọwọ́ sí ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn kí o tó dé ipò náà rárá.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá IPU, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ ECOWAS tó wà l'Abùjá. Orúkọ Isabelle Ameganvi, lọ́yà obìnrin tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ló ṣáájú lórí ìwé ẹjọ́ náà. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2011, ilé ẹjọ́ ECOWAS dá wọn láre: wọ́n ní Tógò tẹ ẹ̀tọ́ wọn lójú, nítorí wọn kò gbọ́ tẹnu wọn kí wọ́n tó yọ wọ́n. A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Kóòtù ní kí ìjọba san mílíọ̀nù mẹ́ta owó CFA fún ẹnìkọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí owó gbà-máà-bínú.

Ṣùgbọ́n kóòtù kò pàṣẹ pé kí wọ́n dá wọn padà sí àyè wọn. Ilé ẹjọ́ ECOWAS kì í ṣe ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó lè fagi lé ìdájọ́ kóòtù orílẹ̀-èdè. Ó lè sọ pé wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ lójú, ó sì lè ní kí wọ́n san owó. IPU tẹra mọ́ ọn, wọ́n ń kọ̀wé pé kí Tógò wá ojútùú sí i. Títí sáà ilé aṣòfin náà fi parí, àwọn mẹ́sàn-án kò padà wọlé. Inú ìbò oṣù keje ọdún 2013 ni ẹgbẹ́ ANC ti wá rí àyè gbà.

Ẹni tó bá fẹ́ lè sọ pé kí ni wọ́n wá rí gbà? Mo gbà pé owó kọ́ ni wọ́n lọ wá. Ṣùgbọ́n kí ìdájọ́ yẹn tó jáde, ọ̀rọ̀ wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n fipò sílẹ̀ tí wọ́n wá ń ké. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di àkọsílẹ̀ pé wọ́n yọ wọ́n ni. Lọ́yà kankan ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lè gbé ìdájọ́ náà dání bí ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀ bá tún gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde. Òfin lè sọ pé ẹni tó bá kúrò nínú ẹgbẹ́ yóò pàdánù àyè rẹ̀. Ìwé òfin Nàìjíríà náà sọ ohun tó jọ ọ́ ní abala 68. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹni náà sọ tẹnu rẹ̀.

Obìnrin tó wà ní Camp Crame

Ìtàn Leila de Lima ní Philippines gùn ju ti Tógò lọ, ó sì jẹ́ ká rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an.

Ọdún 2016 ló wọ ilé aṣòfin àgbà. Ọdún yẹn náà ni Rodrigo Duterte di ààrẹ, tí ọlọ́pàá àti àwọn tí a kò mọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn tí wọ́n fura sí pé wọ́n ń ta oògùn olóró tàbí pé wọ́n ń lò ó. De Lima ni alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdájọ́. Ní oṣù kẹjọ, ó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ìpànìyàn náà. Ní oṣù kẹsàn-án, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dìbò yọ ọ́ kúrò ní ipò alága. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2017, wọ́n mú un. Ẹ̀sùn wo? Pé nígbà tó jẹ́ mínísítà ètò ìdájọ́, ó gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò oògùn olóró tó wà lẹ́wọ̀n.

Ẹ wo bí ẹ̀sùn náà ṣe rí létí ará ìlú. Ta ni yóò gbèjà ẹni tí wọ́n ní ó gba owó oògùn olóró? Kò sí ìjọba tó máa ń sọ pé, a mú ọ torí pé o ta kò wá. Ẹ̀sùn olè ni wọ́n ń kà sí i lọ́rùn, tàbí ti apániláyà, tàbí ti ìdìtẹ̀gbàjọba. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹni tó rán amòfin lọ jókòó sí kóòtù fi ṣe pàtàkì, torí orúkọ ẹ̀sùn kò sọ nǹkan kan fún wa. Ẹ̀rí ló ń sọ̀rọ̀.

Wọ́n fi í sí àgọ́ ọlọ́pàá Camp Crame. Kò sí fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ ló fi ń kọ ọ̀rọ̀ sórí ìwé, kí wọ́n tó gbé e jáde fún aráyé kà. Ó ń bọ́ àwọn ológbò tó ń rìn kiri nínú ọgbà náà. Sẹ́nétọ̀ ṣì ni lórí ìwé, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kó bá wọn jókòó, kódà nígbà tí àrùn Kòrónà mú kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ṣèpàdé láti ilé wọn lórí kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n rán an kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: òfin owó ìrànwọ́ fún àwọn ìdílé tálákà, tí Duterte fúnra rẹ̀ buwọ́ lù ní 2019, de Lima wà lára àwọn tó kọ ọ́.

Ní 2018, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ láti máa yẹ ìtìmọ́lé láìnídìí wò ní ìtìmọ́lé rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. IPU rán ẹni lọ wo ẹjọ́ náà, wọ́n sì ń gbé orúkọ rẹ̀ jáde léraléra. Ilé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà náà ṣe ìpinnu pé kí wọ́n tú u sílẹ̀. Duterte bínú sí bí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe ń dá sí ọ̀rọ̀ náà, ó ní sẹ́nétọ̀ Amẹ́ríkà méjì, Richard Durbin àti Patrick Leahy, kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Philippines. Obìnrin náà ṣì wà ní àtìmọ́lé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ẹlẹ́wọ̀n kan tó fẹ́ sá dì í mú, ó fi aṣọ di ojú rẹ̀, ó ń fi ohun ìjà halẹ̀ mọ́ ọn, títí ọlọ́pàá fi yìnbọn pa ẹni náà.

Ọdún yẹn náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Àwọn ẹlẹ́rìí pàtàkì kan jáde pé irọ́ ni àwọn pa mọ́ ọn, pé wọ́n fúngun mọ́ àwọn ni. Kóòtù ti dá a sílẹ̀ nínú ẹjọ́ kan ní 2021. Wọ́n dá a sílẹ̀ nínú èkejì ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, wọ́n fún un ní béèlì ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n sì da ẹ̀kẹta nù ní oṣù kẹfà ọdún 2024. Ó lo ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́jọ ní àtìmọ́lé lórí ẹ̀sùn tí kóòtù kò rí ẹ̀rí rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2025 ni wọ́n mú Duterte, wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ ọ̀daràn àgbáyé ní The Hague, lórí ìpànìyàn tí de Lima fẹ́ wádìí. Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n dìbò, de Lima sì padà di aṣòfin.

Ta ló wá gbà á sílẹ̀? Àwọn adájọ́ ìlú rẹ̀ ni. IPU kọ́, Amẹ́ríkà kọ́. Ohun tí àwọn ará òde ṣe ni pé wọn kò jẹ́ kí fáìlì rẹ̀ rì sábẹ́ fáìlì, títí di ọjọ́ tí ẹlẹ́rìí lè sọ òótọ́ láì bẹ̀rù, tí adájọ́ sì lè kọ ohun tó rí. Ohun tí mo gbà gbọ́ nípa gbogbo iṣẹ́ yìí nìyẹn. Wọn kò ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀wọ̀n. Ìwé ni wọ́n ní, ìwé tí wọ́n á sì máa kọ láì jẹ́ kó sú wọn.

Níbi tí ọwọ́ wọn kò tó

Wọn kò lè dá ìbọn dúró. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, ìbò kékeré kan wà ní Arua, ní Ùgáńdà. Robert Kyagulanyi, olórin tí ayé mọ̀ sí Bobi Wine tó di aṣòfin, lọ polongo fún olùdíje kan tí kò bá ìjọba ṣe, Kassiano Wadri. Wọ́n yìnbọn pa awakọ̀ rẹ̀, Yasin Kawuma. Wọ́n kó Bobi Wine àti Wadri àti ọ̀pọ̀ ènìyàn mìíràn. Ọ̀pá ìkọ́pá ni Bobi Wine fi rìn wọ kóòtù ní Gulu, nítorí ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́. Inú àtìmọ́lé ni Wadri wà tí wọ́n fi kéde pé òun ló wọlé ìbò. IPU gbé ọ̀rọ̀ wọn yẹ̀ wò, ó sì rán aṣojú lọ sí Ùgáńdà ní 2020. Síbẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, wọ́n tún mú aṣòfin méjì nínú ẹgbẹ́ Bobi Wine, Muhammad Ssegirinya àti Allan Ssewanyana, wọn kò sì jáde ní àtìmọ́lé títí di oṣù kejì ọdún 2023. Ssegirinya ṣàìsàn, ó kú ní oṣù kìíní ọdún 2025.

Kódà ìdájọ́ kóòtù tó yẹ kó de ìjọba lè má rí ẹni mú un ṣẹ. Ní Tọ́kì, wọ́n yí ìwé òfin padà ní oṣù karùn-ún ọdún 2016 láti gba ààbò kúrò lọ́wọ́ àwọn aṣòfin tí ẹ̀sùn wà lọ́rùn wọn. 55 nínú wọn jẹ́ ti ẹgbẹ́ HDP, ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yà Kurdi ń tẹ̀lé. Ní oṣù kọkànlá ni wọ́n mú olórí wọn, Selahattin Demirtaş. Ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù, tí Tọ́kì fọwọ́ ara rẹ̀ wọ abẹ́ rẹ̀, sọ ní ọjọ́ 22 oṣù kejìlá ọdún 2020 pé kí wọ́n tú u sílẹ̀ kíá. Wọn kò tú u sílẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún 42 fún un.

Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ilẹ̀kùn ń tì níṣojú wa. Ilé ẹjọ́ Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wà ní Arusha, ní Tanzania, ṣùgbọ́n ará ìlú kò lè dá lọ síbẹ̀ àfi bí ìjọba rẹ̀ bá ti kọ̀wé pé òun gbà bẹ́ẹ̀. Bẹ̀nẹ̀ ti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó fa ìwé náà sẹ́yìn ní 2020, ọdún kan lẹ́yìn ìbò tí kò sí ẹgbẹ́ alátakò kankan lórí ìwé ìbò, tí ẹgbẹ́ méjì tó ń ti ààrẹ lẹ́yìn sì pín gbogbo àyè 83. Ti ECOWAS rọrùn jù ú lọ: láti 2005 ni ọmọ ìlú ti lè dá gbé ẹjọ́ lọ síbẹ̀ láì kọ́kọ́ tẹ̀ gbogbo kóòtù ilé rẹ̀ já. Ṣùgbọ́n nígbà tí Màlì, Niger àti Burkina Faso jáde kúrò nínú ECOWAS ní oṣù kìíní ọdún 2025, ohun tí àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ lé lórí ni owó ibodè àti ìwé ìrìnnà. Mo ronú kan àwọn aṣòfin àti àwọn akọ̀ròyìn ibẹ̀, tí wọ́n sọ kóòtù kan nù láàárín ọjọ́ kan.

Èyí ló mú mi padà sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ní kí ará òde má dá sí ọ̀rọ̀ ilé onílé. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ fún wa, torí a mọ ohun tí òyìnbó fi ojú ilẹ̀ yìí rí nígbà tí wọ́n ní àwọn wá tún un ṣe. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi ìbọn mú Tógò wọ ECOWAS. Kò sẹ́ni tó fipá mú ilé aṣòfin Nàìjíríà wọ IPU. Àwọn ìjọba wọ̀nyí ló fọwọ́ sí ìwé pé, bí a bá ṣe báyìí, ẹ bi wá. Ẹni tó bá ń bèèrè kò yọjú sí ilé onílé. Onílé ló pè é.

Ẹjọ́ tó ń dùn mí jù ni ti Eritrea, torí níbẹ̀ ni onílé ti tilẹ̀kùn pa pátápátá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, wọ́n mú aṣòfin mọ́kànlá tí wọ́n wà lára àwọn tó kọ̀wé pé kí Ààrẹ Isaias Afwerki jẹ́ kí ìbò wáyé, kí ó sì tẹ̀lé ìwé òfin. Àwọn tí wọ́n jọ ja ìjà òmìnira pẹ̀lú rẹ̀ ni. Wọn kò gbé wọn lọ sí kóòtù títí di òní. Ní 2003, ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ilẹ̀ Áfíríkà ní ohun tí Eritrea ṣe kò bófin mu, kí wọ́n tú wọn sílẹ̀. IPU ń kọ̀wé, wọ́n ń kọ ọ́ títí. Kò sí ìdáhùn tó nítumọ̀.

Ọ̀kan nínú wọn ni Petros Solomon, tó ti ṣe mínísítà rí. Amẹ́ríkà ni ìyàwó rẹ̀, Aster Yohannes, wà nígbà tí wọ́n mú un, ó lọ kàwé. Àwọn ọmọ wọn wà nílé ní Asmara. Ní oṣù kejìlá ọdún 2003, ó padà wálé nítorí àwọn ọmọ náà. Wọ́n ti ń dúró dè é ní pápákọ̀ òfurufú. Àwọn agbófinró mú un kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn ọmọ náà kò sì fojú kàn án mọ́. Ẹjọ́ ọkọ rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí nínú ìwé IPU ní Geneva, òun àti àwọn mẹ́wàá yòókù, orúkọ kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀.